Oṣù Mẹ́ta Ìyá Tú-u

Bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá ti sọ pé, "Màmá, ẹ múra, a fẹ́ jáde lọ jẹun," inú Ìyá Tú-u kì í dùn mọ́. Àyà rẹ̀ ló máa ń já. Kì í ṣe pé oúnjẹ ibẹ̀ ò dáa o. Oúnjẹ ọ̀hún dáa, ó ta lẹ́nu débi tí èèyàn á fi mọ̀ pé òun jẹun. Ohun tó ń já a láyà ni pé láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé oúnjẹ àwọn ará gúúsù Íńdíà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ́ pé wọ́n ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó palẹ̀ àwo mọ́, ó ti gbà fún wọn.

Ẹ jẹ́ n fi Ìyá Tú-u hàn yín dáadáa. Aránṣọ ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń ránṣọ nílé, ó ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ débi tí òun fúnra rẹ̀ ò lè ka iye wọn mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ ní Ìyá Tú-u. Bí wọ́n bá gbé aṣọ wá fún un, ì báà jẹ́ odidi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rán an, á yí inú aṣọ síta, á fi èékánná tọ ojú rírán, bí ibì kan bá sì ti wọ́ díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa sọ: "Tú u." Kò ní bínú, kò ní gbóhùn sókè. O lè sunkún títí, tó o bá sunkún tán, wàá tú u. Obìnrin tí kì í bẹ̀rù àtisọ pé nǹkan ò dáa nìyẹn.

Àmọ́ ti ọmọ ẹni yàtọ̀. Ìyá tó ń lé àwọn oníbàárà olówó padà sílé pé kí wọ́n lọ ra aṣọ mìíràn wá, ẹnu rẹ̀ ò gbé "rárá" níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹ máa wò ó.

Ó wá bá wọn tọ́mọ ni. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ rẹ̀, ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, tó ń gba àwọn aláìsàn sílé. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n jọ sọ. Ìyá di aṣọ oṣù mẹ́ta, ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù mẹ́ta, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ tó dàgbà jù máa bá òun ṣí ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́ta. Ó se ọbẹ̀ kún inú fìríìsà fún ọkọ rẹ̀, bàbá jẹ́jẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pósítọ́fíìsì, tó jẹ́ pé omi tíì nìkan ló mọ̀ ọ́n sè. Ọbẹ̀ yẹn ti tán tipẹ́. Ó ti di ọdún méjì àti oṣù méjì báyìí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e jáde lọ jẹun, ìyàwó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, títí ọmọ á fi lè dá jókòó." Nígbà kejì, ó di títí ọmọ á fi rìn. Nígbà kẹta, títí òun á fi ṣe ìdánwò ibi iṣẹ́ òun tán. Ọmọ ti jókòó, ó ti rìn, ó ti ń gun orí tábìlì bẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ìyàwó ti ṣe ìdánwò, ó ti yege, wọ́n ti gbé ipò rẹ̀ ga. Ìyá Tú-u ṣì wà níbẹ̀, ó ń pààrọ̀ ìtẹ̀dí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ kẹ̀, àdúrà ló gbà! Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Tí ọmọ bá ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀, ẹnu rẹ̀ á ti ṣàdúrà tán kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó. "Ọlọ́run á dúró tì yín. Ọ̀nà yín á là." Àwọn ọmọ á ní àmín, wọ́n á fọwọ́ nu ẹnu, ó parí. Wọ́n ti gbà pé ó ti fọwọ́ síwèé. Nígbà kẹta yẹn tiẹ̀ wá burú jù, nítorí ó rí i pé ojú ìyàwó fà ro, àánú rẹ̀ ṣe é, ló bá fi kún un, láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́, pé, "Ọlọ́run á tètè fi àbúrò tì í." Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àmín, Màmá." Ta ló bèèrè àbúrò lọ́wọ́ ìwọ obìnrin yìí?

Àjà kẹrin ni wọ́n ń gbé. Ilẹ̀kùn ilé náà máa ń ti ara rẹ̀ tí èèyàn bá ti jáde, nọ́ńbà mẹ́fà ni wọ́n sì ń tẹ̀ kó tó ṣí. Lọ́jọ́ kan báyìí, Ìyá gbé ọmọ jáde lọ da ilẹ̀ nù, ilẹ̀kùn pa dé gbàgà lẹ́yìn wọn, nọ́ńbà sì fò lọ lórí rẹ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ ló fi jókòó lórí àtẹ̀gùn, tó fi gèlè bo ọmọ nítorí òtútù, tó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá tí wọn ò gbọ́ èdè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ ní kó má ṣe dá jáde mọ́. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ náà, ìfẹ́ ló fi gbà á pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀ yàrá tirẹ̀, kó má baà sọ nù. Ìfẹ́ pọ̀ nínú ilé yẹn débi pé kò sí ibi tí èèyàn á gbà jáde.

Gbogbo èyí, ó ń fara dà á. Ohun tó wá gba oorun lójú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Bàbá, ọkọ rẹ̀, sọ fún un lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá ń bẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, pé kó má bínú, pé òun ò pẹ́ ẹ́ dé mọ́. Bàbá wá ní, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ó ti mọ́ mi lára."

Kò bínú tó fi sọ ọ́. Ohun tó dẹ́rù ba Ìyá gan-an nìyẹn. Bó bá ṣe pé ó jágbe mọ́ ọn ni, ara rẹ̀ ì bá balẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógójì tí wọ́n ti jọ wà, òun lòun mọ ibi tí Bàbá ń kó ìgò ojú rẹ̀ sí, òun lòun mọ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún bí ojò bá fẹ́ rọ̀. Bàbá wá ń sọ pé wíwà láìsí ìyàwó rẹ̀ ti mọ́ òun lára. Ó ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀. Ó wọ balùwẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó dojú kọ dígí, ó sì ń kọ́ ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́: "Òpin oṣù yìí ni mò ń lọ sílé." Ó sọ ọ́ títí ó fi já geere. Ó pinnu pé bí wọ́n bá tún gbé òun jáde, òun lòun máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tọrọ ohunkóhun.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wá ní kó múra.

Ilé oúnjẹ náà wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe àti ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Kò tóbi, kò sì ṣe fáàrí. Rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, irin ni ife omi, àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan tí oòrùn ti mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá wà lára ògiri. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti ń fọwọ́, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, èyí sì wà lára ohun tí Ìyá fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ Sátidé, orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń bu ìrẹsì sí, wọ́n á fi oríṣiríṣi ẹ̀fọ́ yí i ká díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá da ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ta tó sì kan lé e lórí. Sáńbà ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ náà.

Wọ́n fi Ìyá sídìí ògiri, ní kọ̀rọ̀, níbi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ sí i. Wọ́n gbé àga gíga ọmọ tì í, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó tẹ̀ lé ìyẹn, ìyàwó wà ní òdìkejì pẹ̀lú báàgì. Bí Ìyá bá fẹ́ lọ tọ̀, gbogbo ìdílé ló gbọ́dọ̀ dìde fún un. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ṣé ibẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn?" ìyàwó bi í.

"Ó rọ̀ mí lọ́rùn gan-an, ìyàwó mi. Ẹ ṣé o."

Ẹ gbọ́ ọ bí? Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, oúnjẹ ò sì tíì délẹ̀.

Oúnjẹ dé. Wọ́n gbé dósà fún ọmọ, ìyẹn nǹkan fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n yan tó gùn ju apá ọmọ náà lọ, ló bá ń fi lu àga. Àwọn àgbà ń jẹ ìrẹsì orí ewé. Ìyá jẹ tirẹ̀ mọ́ tónítóní, nítorí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré pé àbùkù ni kéèyàn ṣẹ́ oúnjẹ ẹni kù. Kò tíì lá ọwọ́ tán tí ọkùnrin agbáwo fi dé pẹ̀lú korobá irin àti ṣíbí gígùn, aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Ó pe Ìyá ní "Ámà", tó túmọ̀ sí ìyá lédè tiwọn, ó sì bu ìrẹsì mìíràn gbàǹgbà sórí ewé rẹ̀. Ìyá dúpẹ́, ó jẹ ẹ́ tán. Ọkùnrin náà tún dé. Ó tún bù ú. Ìyá wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó jẹ ẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, gèlè orí rẹ̀ ti ń lọ sẹ́yìn, ikùn rẹ̀ ti le bí ìlù, ó sì ń gbọ́n ewé mọ́ síbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Màmá, bí ẹ bá ṣe ń jẹ ẹ́ mọ́ tó ni wọ́n á ṣe máa bù ú tó. Wọ́n rò pé ebi ṣì ń pa yín ni."

"Kí n wá ṣe kí lójú èèyàn? Kí n kọ oúnjẹ?"

Ọkùnrin agbáwo ti tún gbé korobá dé. Ó rí ojú obìnrin náà, òye sì yé e. Ó gbé korobá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe bí ẹni ń pa ìwé dé, ó nawọ́ sí ewé. Ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un pé, "Ó ní bó bá ti tó yín, kí ẹ ṣẹ́ ewé po sí méjì. Àwọn á mọ̀."

Ìyá ṣẹ́ ewé po. Ọkùnrin náà tẹrí ba, ó gbé korobá rẹ̀, ó lọ sí tábìlì mìíràn. Kò bínú, kò bẹ̀bẹ̀, kò bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ya Ìyá lẹ́nu. Ó ti fi ọgọ́ta ọdún ó lé wà láyé, kò sì rí ibi tí èèyàn ti ń sọ pé ó tó, tí kò di ìjà, tí ojú ò ti ẹnì kankan. Ara rẹ̀ yá. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ó yá, àsìkò nìyí, ó sì la ẹnu.

"Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín."

"Àwa náà ní ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ, Màmá," ni ìyàwó dá a lóhùn, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Ó yẹ kó máa sọ tirẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó yẹ kó máa sọ tirẹ̀ lọ. Ó wá ní, "Sọ tìrẹ ná, ìyàwó mi."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo tábìlì. Ìyàwó fọwọ́ lé ikùn. "Àdúrà yín ti gbà, Màmá. Ó ti pé oṣù mẹ́ta."

Oṣù mẹ́ta. Inú Ìyá dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Nínú ìdùnnú yẹn náà ló ti gbọ́ ilẹ̀kùn tó pa dé lẹ́yìn òun. Ó ń ṣírò rẹ̀: oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó bí i, títí á fi jókòó, títí á fi rìn. Kí ó tó parí ìṣirò, ẹnu rẹ̀ ti gbéra. "Ọlọ́run mi, a dúpẹ́. Wẹ́rẹ́ la ó gbọ́. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni gbọ́ ohùn aládùúgbò. Àwọn ọmọ ń ṣe àmín, àmín, ó sì mọ̀ pé àmín kọ̀ọ̀kan ń dè é mọ́ àga.

"Màmá, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ pé a ò lè ṣe é láìsí yín," ọmọ rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́, kò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká pe Bàbá, kí àwọn náà gbàdúrà fún un."

Ó yọ fóònù, ó fi ti ife omi kí gbogbo wọn lè rí i. Iwájú orí Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ rí, nítorí kò mọ bí wọ́n ti í gbé fóònù sójú. Wọ́n sọ fún un. Bàbá yọ̀. Ó gbàdúrà gígùn, ó gbà á dé orí ọmọ-ọmọ tí wọn ò tíì bí. Ìyàwó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ibẹ̀, àwọn tó ń jẹun nítòsí ń wò ó.

"Bàbá," ọmọ rẹ̀ ní, "ní ti Màmá, à ń rò ó pé..."

"Kí lẹ tún ń rò? Ẹ jẹ́ kí ìyá yín dúró tì yín. Èmi ò ní ìṣòro kankan. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Nídìí oúnjẹ gan-an lẹ ti bá mi yìí."

Ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àgbà, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti fi í fún wọn.

Bàbá bá yí padà kó mu omi, ó na ọwọ́ tó fi di fóònù mú jìnnà, gbogbo ibi tó jókòó sí wá hàn. Ìyá sún ojú mọ́ ọn. Kò sí nídìí tábìlì ìjẹun, tábìlì tó gba ènìyàn mẹ́fà. Ó wà lẹ́bàá fèrèsé, lórí àpótí Ìyá, nídìí máṣíìnì ìránṣọ tí Ìyá ní nílé. Orí máṣíìnì náà ló gbé àwo lé, àwo àná àti ti òní, ìkòkò kékeré kan, rédíò, ìgò oògùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹ́dà ìsàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ Ìyá ṣe máa ń wà. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí ló ń lọ jókòó sí tó bá fẹ́ jẹun.

Ìyá wò ó títí. Ó wá yé e pé irọ́ tí òun ń pa níbí ni ọkùnrin yẹn ń pa lọ́hùn-ún. Òun ń sọ pé ó rọ òun lọ́rùn, ìyẹn ń sọ pé ó ti mọ́ òun lára, àwọn ọmọ sì gba àwọn méjèèjì gbọ́.

"Bàbá," ó pè é. "Kí ni àwo ń ṣe lórí máṣíìnì mi?"

Bàbá wo àwo, ó wo fóònù. "Ibẹ̀ ló... Atẹ́gùn wà níbẹ̀ ni."

"Ẹ bá mi kó wọn kúrò. Mo fẹ́ lò ó. Òpin oṣù yìí ni mò ń bọ̀ nílé."

Ọmọ kékeré dá dósà dúró lẹ́nu, ó ń wo ojú àwọn àgbà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní, "Màmá," ó sì kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ti dà lójú rẹ̀. "Màmá, ta ni yóò dúró tì mí?"

Àdúrà dé Ìyá lẹ́nu, ó dé ẹnu rẹ̀ pátápátá. Ó gbé e mì. Ó na ọwọ́ kọjá orí tábìlì, ó di ọwọ́ ọmọbìnrin náà mú. "Mi ò mọ̀, ìyàwó mi. Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò sì mọ̀. Àmọ́ mò ń lọ."

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ?" ọmọ rẹ̀ kọjú sí fóònù. "Bàbá?"

Bàbá ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti fi ẹ̀yìn fóònù lélẹ̀ lórí nǹkan kan, àjà ilé nìkan ni wọ́n ń rí, àti fáànù tí kò yí. Àmọ́ wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n ń gbọ́ tí àwo ń kan àwo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí ilé ìdáná tó tún ń padà bọ̀, kíákíá, bí ẹni tí àlejò ti ń kanlẹ̀kùn fún.